Ṣé O Kí Mi Ni, Àbí O Bi Mí Léèrè?

Ẹ̀yin ará wa ní Manchester, ní Sọ́ńdè tí mo dé, bí mo ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ pagbo yí mi ká. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àbọ̀ o! Ilé ńkọ́? Ṣé dáadáa lẹ lọ, dáadáa lẹ bọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "A dúpẹ́." Ẹ ní, "Ará Ọ̀ṣun ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n wà, wọ́n ní kí n kí yín." Irọ́ pátápátá ni. N kò wà dáadáa, kò sì sí ẹni tó rán mi pé kí n kí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ó yẹ kí n jókòó, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, nítorí "a dúpẹ́" yẹn gan-an ló fẹ́ẹ́ pa ènìyàn níbi tí mo lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni olórí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tó ń fi fóònù bèèrè àlàáfíà lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kéékèèké àdúgbò. Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó fi sú yín. Ẹ̀rọ náà á pe ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láràárọ̀, á pe àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kí wọn ní Yorùbá, á ní, "Ṣé ara le?" Bí ẹni náà bá ní ara òun le, iná aláwọ̀ ewé á tàn sí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ní ara òun ò yá, iná pupa á tàn, nọ́ọ̀sì á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ohùn ta ni wọ́n wá gbà sínú rẹ̀? Ohùn tèmi ni! Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mo sì rò pé kò sí ohun tí Yorùbá ń sọ tí n kò gbọ́.

Wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yìí ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Láràárọ̀, ewé ni, ewé ni, bí oko ẹ̀fọ́. Inú àwọn ọ̀gá mi dùn débi pé wọ́n ní kí n lọ fojú ara mi rí i, kí a lè gbé e lọ síbòmíràn. Torí ìyìn ni mo ṣe lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ìkìrun

Ilé Alhaja ni mo dé sí. Alhaja ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àwọn ilé ìwòsàn náà, obìnrin gíga kan tí kì í rìn, tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń sáré díẹ̀díẹ̀. N kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú mọ́tò tó ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú ìrìn! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ẹ kú àárẹ̀! Ẹ kú oòrùn! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ọjọ́ mẹ́ta wo? A ò rí ara wa rí! Kí n tó ṣe "o" fún ọ̀kan, òmíràn ti dé. Àwọn aládùúgbò náà jáde, wọ́n ń kí mi láti ojú fèrèsé, láti orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láti ẹ̀yìn ògiri tí n kò ti rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti gbé láàrin àwọn tó jẹ́ pé orí ni wọ́n ń mì síra wọn láàárọ̀, ojú tì mí. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìdajì nínú rẹ̀.

Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Ìyá kan tó ń lọ ata lójúde ilé kejì ju ọwọ́ sókè. "Yéè! Ẹ wá o! Ọmọ inú fóònù nìyí!"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n tú jáde. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ara ni mí. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi mọ́. Ọmọ Inú Fóònù ni mò ń jẹ́.

Alhaja wò mí látòkè délẹ̀. "Ìjẹ̀bú Òyìnbó, gàrí wa dà?"

Ṣokoléètì ni mo gbé wá. Ó ti yọ́ nínú ọ̀rá. Alhaja fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ní, "Kò burú. A ó fi mu ẹ̀kọ."

Iyán ni wọ́n fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, iyán tó tóbi ju orí mi lọ. Bí mo bá sinmi díẹ̀, Alhaji, ọkọ Alhaja, á bèèrè pé, "Ṣé ọbẹ̀ wa ò dùn ni?" Mo jẹ ẹ́ tán nítorí ìtìjú. Lẹ́yìn oúnjẹ, Alhaja gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi. Ewé ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ó ń yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, n kò rí ọ̀sẹ̀ kan tí ara gbogbo ènìyàn le rí."

Mo ní, "Alhaja, ohun tó ń jẹ́ ìtẹ̀síwájú nìyẹn."

Ó ní, "Ó dáa náà."

Inísà

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí Inísà láti kí Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ le tó ti bàbá yìí, kì í yẹ̀ láé. A bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá tẹ́tí, ojú wọn yí padà.

"Ìwọ ọmọ yìí! Mò ń bínú sí ọ."

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"Gbogbo Mọ́ńdè lo máa ń kí mi. O káre, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dáhùn tán pé ara le, a dúpẹ́, tí mo wá ní ilé ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, wàá kàn gé fóònù! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà n'Íjẹ̀bú nìyẹn?"

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborí fi já bọ́ lórí rẹ̀. Èmi tún kúnlẹ̀, mo bá ẹ̀rọ tọrọ àforíjì. Mo ní ilé wà, sà, ọkọ mi ní kí n kí yín, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Inú bàbá wá rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àgbàdo sísè wá fún wa, wọ́n sì fúnra wọn na àwo náà sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ wọn. Ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàdo fi ń ta kúrò nínú àwo.

Alhaja ti rí i kí n tó rí i. Ó fa ẹ̀rọ ìfúnpá jáde nínú báàgì, ó dì í mọ́ bàbá lápá. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó kàn yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Ìwọ̀n tí mo rí yẹn, bí ẹni tó ní in bá wọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, sísáré ni a ó máa sáré.

Mo ní, "Bàbá, oògùn yín ńkọ́?"

"Ó ti tán."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Bàbá, ẹ sọ fún mi ní Mọ́ńdè yìí pé ara yín le!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò le!"

"Mo mọ̀ pé kò le. Òòyì ń kọ́ mi bí mo bá dìde."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

Bàbá wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ méjì lọ́nà méjì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o kí mi ni, àbí o bi mí léèrè?"

Inú bí mi. Mo fẹ́ bínú sí ẹnì kan, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Alhaja ti pe ilé ìwòsàn pé kí wọ́n gbé oògùn wá kíákíá, a sì jókòó ti bàbá títí wọ́n fi lò ó. Nígbà tí a wọ mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀. Mo ní bàbá yẹn ló ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà ni wọ́n, oníyẹ̀yẹ́ sì ni wọ́n. Mo ní ti ẹnì kan ṣoṣo kò sọ pé ẹ̀rọ ò dáa.

Alhaja ní, "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá ò kúkú dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀."

Wàrà

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo rí obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Alhaja ní kí n jẹ́ kí a dín in kí n tó jẹ ẹ́. Mo ní kí ni wàrà fẹ́ fi èmi ṣe? Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú omi rẹ̀, mo sì lá ìka.

Ilẹ̀ mọ́, inú mi ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Mo ti di ọ̀rẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ibẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di inú mú, mo fi èkejì di ògiri mú, òógùn ń dà lójú mi, nígbà tí Alhaji wọlé láti mọ́ṣáláṣí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le?"

Mo ní, "Ara le, Alhaji. A dúpẹ́."

Ó ní, "Alihamudulilahi," ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin ará wa, mo dúró síbẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́, n kò bá a sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, inú ń run mí, ọkùnrin onínúure tó ní oògùn nílé bi mí bóyá ara mi le, mo sì ní ó le! Iná ewé tàn sórí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí Alhaji bá tún padà wá bi mí báyìí, ohun kan náà ni n ó sọ. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ tó máa gba ìkíni òwúrọ̀ kó fi ìgbẹ́ gbuuru dáhùn.

Ẹ̀rọ wa ò bàjẹ́. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Ká ní ó bàjẹ́ ni, à bá tún un ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré, ó ń kí àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Àwa la wá ń ka ìkíni sí àlàáfíà.

Ohun tó wá sọ sí mi lọ́kàn gbé mi dìde. Mo pariwo, "Alhaja! Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Ta ni ìfúnpá rẹ̀ ti ga nínú wọn kó tó bímọ?"

Alhaja yọjú láti ilé ìdáná. "Títí, tíṣà kékeré yẹn, ní Òkukù. Ṣùgbọ́n ewé ló..." Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí n tó rí bàtà mi.

Òkukù

Bí a ṣe dé Òkukù, ẹ má bi mí. A ń dúró fún inú mi lọ́nà, mo ń wọ igbó, Alhaja ń fun fèrè pé kí n ṣe kíá. Ìyá ọkọ Títí la kọ́kọ́ bá lójúde, ìyá Aládùúrà kan nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń gbálẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màmá. A ní ká wá wo ọmọ tuntun ni."

Títí fúnra rẹ̀ jáde wá kí wa. Ọmọbìnrin rírẹwà, ojú rẹ̀ wú díẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ rẹ̀ sì tàsé rẹ̀. Ó tún un dì mú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira. "Ẹ káàárọ̀ o, mà."

Mo la ẹnu láti sọ pé ṣé ara le. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Mo wolẹ̀, mo rí sílípáàsì ọkùnrin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ńlá báyìí.

Mo ní, "Títí, bàtà ta lẹ wọ̀ yẹn?"

"Ti ọkọ mi ni, mà. Tèmi ò gbà mí mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ìka mi dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ iyán. Mo ní, "Ṣé ẹ ń ríran dáadáa?" Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ sójú òun. Mo ní, "Orí ńkọ́?" Ó bú sẹ́kún. "Ó ń fọ́ mi láti Sátidé, mà. Mo rò pé ọmọ tí kò jẹ́ kí n sùn ni."

Alhaja ti wọn ìfúnpá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Nísinsìnyí."

Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Lọ sí ibo? Èmi ni mo ní kó máa sọ fún fóònù pé ara òun le. Ṣé kí ọmọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wọlé ni? Ẹnu la fi ń kọ mé jẹ!"

Alhaja kúnlẹ̀ níwájú wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. "Màmá, ẹ ti fi ẹnu kọ̀ ọ́, ẹ ṣeun. Ó ku ká fi abẹ́rẹ́ kọ̀ ọ́."

Màmá wo ẹsẹ̀ Títí. Ó dà bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n gbé báàgì. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Ilé ìwòsàn àdúgbò la kọ́kọ́ gbé e lọ. A ò tíì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tán tí ojú rẹ̀ fi yí sókè, tí ara rẹ̀ gan, tí gìrì dé. Mo ti rí gìrì ìyá ọlọ́mọ, tí ìfúnpá gíga máa ń fà, rí. N kò rí i rí lára ẹni tí mo ti fi ohùn ara mi kí láàárọ̀ àná, tí mo sì gbà pé ara rẹ̀ le. Alhaja ló gún un lábẹ́rẹ́ gìrì, èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí gìrì náà sinmi, a gbé e sẹ́yìn mọ́tò, a kọrí sí ọsibítù ńlá.

Màmá ń gbàdúrà lápá kan, Alhaja ń wa mọ́tò, ó ń ṣe tirẹ̀ ní lárúbáwá, èmi gbé orí Títí sórí itan. Fóònù Títí bá dún nínú báàgì Màmá. Wọ́n rò pé ọmọ wọn, ọkọ Títí, ni, wọ́n yára gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ o," ohùn mi dáhùn, ó dùn, ó tutù. "Ṣé ara le?"

Màmá wo fóònù. Wọ́n wo ẹnu mi. Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀ bí ó ṣe máa ń dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. "A ó tún pè yín lọ́la," ohùn mi sọ. "Ó dàbọ̀ o."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Orí àga ọsibítù

Àwọn dókítà gbà á lọ́wọ́ wa. Wọn ò sọ pé yóò yè, wọn ò sọ pé kò ní yè. A jókòó sórí àga gígùn kan, Màmá ń fi ife fún ọmọ lómi mu. Èmi àti Alhaja ò lè máa wojú ara wa lásán, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ padà lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. A ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kí àwọn ènìyàn dáadáa, ìkíni gidi, kó dúró kí wọ́n bi òun náà pé ilé ńkọ́, kó ní ilé wà. Lẹ́yìn náà kó wá ní, "Ìkíni ti parí o. Mo fẹ́ bi yín léèrè báyìí." Bàtà ta lẹ wọ̀ lónìí? Kí lẹ jẹ láàárọ̀? Oògùn yín ti tán àbí ó ṣẹ́ kù? Mo gba ohùn mi sílẹ̀ níbẹ̀, ohùn tó ha, tó ti sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀gá mi pè láti Manchester, ẹ̀rù ti bà wọ́n. Iná pupa ti tàn káàkiri, ní Ìkìrun, ní Inísà, ní Òkukù. Wọ́n ní kí ló bàjẹ́? Mo ní kò sí ohun tó bàjẹ́, àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá wa lóhùn ni. Alhaja ti pín àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sílé dé ilé.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pè wá wọlé. Títí ti lajú. Ojú rẹ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Màmá gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àṣà kì í tán lẹ́nu, kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Títí, ṣé ara le?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A dúp..."

Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀.

Màmá nu ojú. Wọ́n ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi. Sọ ọ́ jáde."

"Kò le, mà," ni Títí wí. "Orí ṣì ń fọ́ mi. Gbogbo ara ń ro mí. Ebi sì ń pa mí."

Màmá fò sókè nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ké "Halelúyà!" tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi yíjú sí wa, Alhaja sì ti ń sáré lọ wá ẹ̀kọ.